Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága àti Kọmití Ẹgbẹ́ Wa: Ṣọ́ọ̀ṣì Petäjävesi kì í ṣe ilé adìyẹ o

Bàbá Alága, Màmá Ìyá Ẹgbẹ́, Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, Ẹ̀gbọ́n Akápò àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ kọmití, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ o. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú ìnáwó. Mi ò ní jẹ́ kí ìkíni gùn ju ọ̀rọ̀ lọ.

Sátidé tó kọjá ẹ ṣe mítìn, ẹ sì wọ́gi lé ìrìnàjò tí àwa ọ̀dọ́ ti ń múra ẹ̀ láti oṣù Kejì, ìyẹn bọ́ọ̀sì tó fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì onígi àtijọ́ tó wà ní Petäjävesi, nílẹ̀ Fínláǹdì níbí, nínú oṣù Keje. Ẹ ní kí owó bọ́ọ̀sì náà lọ sórí kánópì àti ohun mímu ọjọ́ ọdún ẹgbẹ́. Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó voice note tí Bàbá Alága fi sórí WhatsApp lẹ́yìn mítìn, gbogbo wa la gbọ́ ọ, ẹ ní "ilé pákó tí ò níná tí ò ní hítà, ilé adìyẹ lásán, òun lẹ tún ní ká lọ máa sanwó wò", àwọn kan sì ń fi ẹ̀rín sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé sí yín ní kọ̀rọ̀, ẹ ò fèsì, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síta kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè bá wa kà á. Ẹ má bínú sí mi, ẹ ṣáà kà á dé ìsàlẹ̀.

1. Ẹ ní ilé adìyẹ ni.

Bàbá, ọdún 1763 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, wọ́n parí ẹ̀ ní 1765. Nígbà yẹn Basọ̀run Gáà ṣì ń fojú àwọn Aláàfin rí màbo l'Ọ́yọ̀ọ́, Fínláǹdì fúnra ẹ̀ ò sì tíì dá dúró, abẹ́ ọba Swídìn ló wà. Ẹni tó kọ́ ọ ò lọ yunifásítì kankan, káfíńtà ará oko ni, Jaakko Klemetinpoika Leppänen lorúkọ ẹ̀. Klemetinpoika yẹn, "ọmọ Klemetti" ni ìtumọ̀ ẹ̀, bí àwa náà ṣe máa ń bi èèyàn pé ọmọ ta ni ẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń ràn án lọ́wọ́, ẹ pè é ní ọ̀wẹ̀ ẹ ò jẹ̀bi, igi páìnì tó yí wọn ká nínú igbó ni wọ́n gé. Orúkọ ìlú náà gan-an ti sọ ohun tí wọ́n ní: petäjä ni igi páìnì, vesi ni omi. Òtòṣì ni wọ́n, wọn ò lówó bíríkì, wọn ò lówó ẹni tó máa gbẹ́ òkúta, igi àti omi ló wà nílẹ̀, òun ni wọ́n lò.

Mo ti débẹ̀, mo fọwọ́ kan ògiri yẹn. Wọn ò kùn ún ní ọ̀dà kankan nínú, igi náà ti gbó, ó ti pọ́n bí àwọ̀ oyin, tẹ́ ẹ bá sì fi ọwọ́ ra á ẹ máa bá ibi tí àáké ti gé e, gé e, gé e, bí ẹni ń ka ìlà ojú àgbàlagbà. Igun ilé náà ló yà mí lẹ́nu jù, wọ́n gbẹ́ etí ìtì igi kan kó lè jókòó sínú èkejì, bí èèyàn ṣe ń ki ìka ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín ti òsì, ìtì igi ń di ara wọn mú títí dókè. Àgbélébùú tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀ dọ́gba ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, òrùlé ẹ̀ ga fíofío, tẹ́ ẹ bá wá wọlé tẹ́ ẹ gbójú sókè, àjà ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ikùn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ibi tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé láàárín sì ní òrùlé onígun mẹ́jọ tó dà bí igbá tí wọ́n dé lé e. Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya iṣẹ́ ọnà díẹ̀díẹ̀ sára àjà náà, ó tán. Ohun tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ ohun àjogúnbá sílẹ̀, rí tí wọ́n fi kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn: bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá láyé Renaissance, ìgbà tí wọ́n sọ iṣẹ́ ọnà àtijọ́ jí ní Yúróòpù, tí gbogbo ẹ̀ ń yí àárín kan ká, àti òrùlé irú ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Gothic tó ti wà ní Yúróòpù ṣáájú ìyẹn, káfíńtà oko kan kó méjèèjì pọ̀, ó fi pákó ṣe é. Adìyẹ wo ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 1776, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n parí ẹ̀, ọba Swídìn, Gustav III, pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ fi àwòrán ẹ̀ ránṣẹ́ sí Stockholm kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ká ní àwọn ará Petäjävesi fi nǹkan falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, àwọn tí ò fojú kan ibẹ̀ rí ni ò bá máa jókòó sí ọ́fíìsì máa sọ irú ilé tó yẹ wọ́n. (Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni ni mò ń bá wí o.)

Ilé agogo ẹ̀, ọmọ ọmọ káfíńtà yẹn ló kọ́ ọ, Erkki Leppänen, ní 1821. Nígbà yẹn Rọ́ṣíà ti gba Fínláǹdì lọ́wọ́ Swídìn láti 1809. Ọdún 1821 yẹn náà ni wọ́n kó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn, òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Bàbá Alága, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa níbi ọdún tó kọjá pé bàbá bàbá yín ló kọ́ bàbá yín láti hun òfì, pé iṣẹ́ ìdílé ò ṣeé fojú di. Kí ló dé tí ti Leppänen fi wá di ilé adìyẹ?

2. Ẹ ní kò ní hítà, kò níná.

Òótọ́ ni, kò ní. Ṣùgbọ́n Bàbá, oṣù Keje la fẹ́ lọ! Kí la fẹ́ fi hítà ṣe lóṣù Keje?

Àwọn tó kọ́ ọ ò ní hítà náà, wọ́n sì ń lọ nínú wíńtà tí ẹ̀yin àti èmi ò lè rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Etí omi ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, lórí ilẹ̀ tó yọ sáàárín adágún, kì í ṣe àṣìṣe, ojú ọ̀nà wọn nìyẹn. Tí omi bá dì wọ́n á gba orí yìnyín, tó bá di ìgbà ooru wọ́n á wa ọkọ̀. Nílẹ̀ Fínláǹdì nígbà yẹn abúlé máa ń ní ọkọ̀ gígùn tí wọ́n dá owó jọ ṣe, kirkkovene ni wọ́n ń pè é, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tọkùnrin tobìnrin ló ń fi àjẹ̀ wà á. Àwa wá ní bọ́ọ̀sì oníjókòó tìmùtìmù tó ń gba nǹkan bí kìlómítà márùndínlógójì láti ìlú Jyväskylä, a ní ó jìnnà.

3. Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé ní àwọn ará Finland fúnra wọn ti pa á tì, kí ló wá kàn wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ dé ìdajì. Ní 1879 wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ní Petäjävesi, wọ́n sì kúrò nínú ti àtijọ́. Wọ́n kan ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ni. Ìwọ̀nba ọdún mélòó kan ṣáájú ni ìyàn ńlá ti 1866 sí 1868 jà ní Fínláǹdì, tí àwọn èèyàn ń lọ èèpo inú igi páìnì mọ́ ìyẹ̀fun kí wọ́n lè rí búrẹ́dì jẹ, ẹ máa wò ó, igi tí wọ́n fi kọ́lé Ọlọ́run náà ni wọ́n ń jẹ. Ta ló fẹ́ máa ronú ilé àtijọ́ lẹ́yìn irú ìyẹn? Mi ò bá wọn wí.

Ṣùgbọ́n wọn ò wó o. Ilé agogo ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, itẹ́ òkú tó yí i ká ṣì ni wọ́n ń sin èèyàn sí, ó ṣòro kéèyàn máa wó ilé lórí bàbá ẹ̀. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi yé gan-an rèé, torí òun ló fà á tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí: pípa tí wọ́n pa á tì yẹn ló dá a sí. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì onígi tí wọ́n ń lò lọ, ìjọ wọn ń lówó, wọ́n ń gbé sítóòfù wọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n ń fẹ fèrèsé ẹ̀, wọ́n ń kan pákó tuntun mọ́ ti àtijọ́, títí ojú àáké ò fi hàn mọ́. Ti Petäjävesi ò rí ẹni rí tiẹ̀ rò. Kò sẹ́ni tó ra ọ̀dà fún un, kò sẹ́ni tó gbé sítóòfù wá, ni ilé ọdún 1765 bá jókòó síbẹ̀ bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀.

Ìgbà tó di àwọn ọdún 1920 ni ọ̀jọ̀gbọ́n ará Ọ́sítríà kan, Josef Strzygowski, rí i, ó sì ń sọ fáyé gbọ́ pé ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ní. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Nígbà tó di 1994 UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìwé kan náà yẹn ni wọ́n kọ Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sí ní 2005, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fọ́tò Òṣogbo ṣe profile nínú oṣù Kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí. Ta ló sì dúró ti Igbó Ọ̀ṣun nígbà tí àwọn ọmọ ìlú kan ń ta ilẹ̀ ẹ̀ tí wọ́n ń gé igi ẹ̀? Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ará Ọ́sítríà náà ni, Graz ni wọ́n ti bí i. Strzygowski yẹn náà sì ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Graz rí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ ní Graz o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́ẹ̀mejèèjì, àlejò ló kọ́kọ́ pariwo, onílé ń sọ pé igbó lásán ni, pákó lásán ni. Voice note yín ló gbé e sọ́kàn mi.

4. Ẹ̀gbọ́n Akápò ní wọ́n ti lé wa níbẹ̀ rí.

Wọn ò lé wa. Èmi gan-an ni mo jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ lójú gbogbo ayé kó lè tán. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí àwa mélòó kan fi mọ́tò lọ, èmi ni mo ra èédú, ẹnì kan nínú wa gbé ayanran súyà, irin tá a fi ń yan ẹran, wá, a sì tan iná sórí koríko níbi tí ò jìnnà sí ògiri itẹ́ òkú. A rò pé píkíníìkì ni. Èédú ò tíì ràn tán tí ìyá kan tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi sáré jáde, kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání, ó ń nawọ́ sí èédú, ó ń nawọ́ sí òrùlé, èédú, òrùlé. Òrùlé yẹn, pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra wọn bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀dà dúdú ni wọ́n sì fi ń kùn ún, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn nínú oòrùn ẹ máa gbóòórùn ẹ̀. Igi tó ti ń gbẹ láti ìgbà Gáà, pẹ̀lú ọ̀dà lórí ẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo da omi sí èédú náà. Ojú tì mí dé inú mọ́tò.

Nígbà tí mo délé ni mo wá lọ kà nípa ẹ̀ tí mo rí i pé ìyá yẹn mọ ohun tó ń bẹ̀rù. Ṣọ́ọ̀ṣì onígi Ylivieska, tó ti wà láti 1786, jóná kanlẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde ní 2016. Ti Kiihtelysvaara jóná ní 2018. Ti Rautjärvi jóná lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, 2022, èèyàn wà nínú ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run wọ́n jáde láàyè. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ sọ iná sí i. Ní Nọ́wè náà wọ́n sun ti Fantoft ní 1992, wọ́n tún un kọ́, àmọ́ igi tuntun ni, kálukú mọ̀ pé igi tuntun ni. Nítorí náà ẹ má lo ọ̀rọ̀ ìyá yẹn bí ẹ̀rí pé wọn ò fẹ́ wa. Nígbà tí a ń lọ ó ní ká tún padà wá. Ó ní ká kó àwọn ọmọ wá. Ó ní ká gbé ayanran sílé.

5. Àwọn kan ní ìjọ Lutheran ni, ti àwọn tó ń tẹ̀ lé Martin Luther, kì í ṣe tiwa, àwọn Mùsùlùmí sì wà nínú ẹgbẹ́.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí yìí wá ò bi wọ́n o. Àlàájì wa ti sanwó ọmọ ẹ̀ mẹ́ta, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi, òun ló kọ́kọ́ san. A ò lọ ṣe ìsìn, a fẹ́ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ tún wo ohun tí ẹgbẹ́ wa kọ sínú òfin ara ẹ̀, pé a fẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ Yorùbá, kó kà á, kó kọ ọ́. Àwọn Lutheran yìí náà ni ọ̀rọ̀ èdè kàn. Ọmọ Fínláǹdì kan, Mikael Agricola, lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Luther ní Wittenberg, nígbà tó padà délé òun ló kọ ìwé àkọ́kà fún èdè Finnish, ó sì túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun ní 1548. Odindi Bíbélì wọn jáde ní 1642. Tiwa tí Crowther ṣáájú ẹ̀ pé ní 1884. Ọmọ tó mọ ìtàn méjèèjì yẹn ò ní máa tijú pé wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí. Pẹpẹ ìwàásù ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, Kristoffa mímọ́ ni, ẹni tí ìtàn sọ pé ó gbé Jésù ọmọdé kọjá odò ní èjìká. Àwọn áńgẹ́lì wà lókè lára pẹpẹ náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló wà nísàlẹ̀, bí aláàárù ọjà, òun ló ru gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo mú ọmọ mi obìnrin lọ, ó dúró níwájú ẹ̀ pẹ́, kò wo áńgẹ́lì kankan. Ó ní, "Dádì, ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni?" Mo ní ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń gbé e, bóyá ó ti mọ́ ọn lára. Ó ní rárá, ó dájú pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà ká fọwọ́ kàn án, mo ṣe bí ẹni tí ò rí i.

Ohun tí a ń bèèrè rèé:

(a) Kí ẹ dá owó bọ́ọ̀sì padà kí ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nítorí ọjọ́ yẹn ni dẹrẹ́bà ní òun máa fi bọ́ọ̀sì fún ẹlòmíì. Kánópì, a lè yá a. Bọ́ọ̀sì ò sí tá a máa yá.

(b) Kí Bàbá Alága yọ voice note yẹn kúrò. Mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ ẹnikẹ́ni, ẹ kàn yọ ọ́, torí àwọn ọmọ kan ti gbọ́ ọ, wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní ilé adìyẹ nílé ìwé, lójú àwọn olùkọ́ wọn.

(c) Kí ìpinnu tó bá kan owó tí àwọn òbí ti dá sílẹ̀ má wáyé mọ́ ní mítìn tí wọn ò pè wá sí. Márùndínlógójì ni wá tó ti sanwó. Kò sẹ́ni tó pè wá.

(d) Kí ìkan nínú ẹ̀yin àgbà bá wa lọ. Bàbá Alága ni mo fẹ́ kó jẹ́, mo ti fi ìjókòó kan sílẹ̀ fún yín níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ògiri yẹn tẹ́ ẹ ṣì ní ilé adìyẹ ni, èmi ni màá san owó kánópì látinú àpò mi.

Ayanran súyà ò ní wọ bọ́ọ̀sì, mo ti sọ fún ẹni tó ni ín.

Ọmọ yín,
Akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́